Bí ẹ ṣe lè ṣa búlọ́ọ̀kù jọ fún ilé aláwọ̀ sẹ́píà nínú Minecraft

Ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní àwọ̀ sẹ́píà, ìyẹn búráùn inú fọ́tò àtijọ́, nínú Minecraft, géèmù tí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, dà bí òkìtì erùpẹ̀ lásán. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó bá ti jọ igi tàbí amọ̀ ni mo ṣà jọ: pákó spruce, brown terracotta, mud bricks, pákó dark oak. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Nígbà tí mo wá fò sókè, tí mo lọ wò ó láti òkèèrè, mi ò rí fèrèsé, mi ò rí òpó, mi ò sì mọ ibi tí ògiri parí sí kí òrùlé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ wọn bára mu lóòótọ́. Wọ́n tiẹ̀ bára mu débi pé wọ́n gbé ara wọn mì.

Ìgbà tí mo gbé fọ́tò àtijọ́ kan síwájú, tí mo tẹjú mọ́ ọn, ni mo tó rí àṣìṣe mi. Aṣọ funfun inú fọ́tò náà ti dà bí àwọ̀ wàrà. Ara ẹni tó wọ̀ ọ́ wà láàárín méjì, kò mọ́lẹ̀, kò ṣú. Irun orí rẹ̀ àti abẹ́ àga tó jókòó lé dúdú bíi kọfí tí a kò bu mílíìkì sí. Ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn, àmọ́ láti ibi tó mọ́lẹ̀ jù dé ibi tó ṣú jù, ó gùn bí àkàbà. Ipele mẹ́ta péré láàárín àkàbà yẹn ni èmi ti fi kọ́ odindi ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí a máa tún kàn án níwájú. Sẹ́píà ni orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe ẹran omi kan tó máa ń tú ohun dúdú bíi tàdáwà jáde bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fi tàdáwà yẹn yàwòrán kí kámẹ́rà tó dé. Nígbà tí fọ́tò dé ní ọ̀rúndún 19, fàdákà ló ń gbé àwòrán dúró lórí bébà. Àwọn tó ń fọ fọ́tò rí i pé bí àwọn bá fi kẹ́míkà tó ní imí ọjọ́ ṣiṣẹ́ lórí bébà náà, fàdákà yẹn á yí padà di ohun mìíràn tí kì í tètè bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì kúrò ní dúdú àti eérú, á di búráùn. Àwọ̀ ni kẹ́míkà náà yí padà. Ibi tó mọ́lẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ ju ibi tó ṣú lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ìmọ́lẹ̀ búlọ́ọ̀kù kí n tó wo àwọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ìyá àwọ̀

Kóòdù tí wọ́n sábà máa ń kọ fún sẹ́píà lórí kọ̀ǹpútà ni #704214, ìyẹn pupa 112, àwọ̀ ewé 66, búlúù 20. Láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù, brown wool ló sún mọ́ ọn jù lójú tèmi. Bí ẹ bá da gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí 114, 71, 40 ló máa jẹ́. Brown concrete tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí 96, 59, 31. Pákó spruce náà kò jìnnà, nǹkan bí 114, 84, 48.

Èmi máa ń mú pákó spruce. Wool kò ní stairs (àtẹ̀gùn), kò ní slab (àbọ̀ búlọ́ọ̀kù), kápẹ́ẹ̀tì nìkan ló bí. Concrete kò tiẹ̀ bí nǹkan kan. Spruce ní tirẹ̀ ní stairs, slab, ọgbà, ilẹ̀kùn àti trapdoor, ẹni tó bá sì ti kọ́lé rí mọ̀ pé àwọn kékeré wọ̀nyí ló ń sọ ògiri pẹlẹbẹ di ilé. Àmọ́ ìyá àwọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi mọ gbogbo ògiri o. Ó wà níbẹ̀ kí ẹ lè máa gbé àwọn yòókù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ẹbí àti èyí tó jẹ́ àlejò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ẹbí wò

Ojú máa ń tan wa jẹ. Búlọ́ọ̀kù kan á jọ búráùn nígbà tó bá dá wà, ẹ ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn, á di píńkì. Nítorí náà, mo máa ń ka nọ́ńbà. Àwòrán ojú búlọ́ọ̀kù kan jẹ́ píksẹ́lì 16 ní ìbú àti 16 ní gíga. Ẹ ṣí i nínú ètò àwòrán èyíkéyìí, kí ẹ fún un pọ̀ títí á fi di píksẹ́lì kan ṣoṣo. Nọ́ńbà mẹ́ta tí píksẹ́lì yẹn bá gbé ni àwọ̀ búlọ́ọ̀kù náà lápapọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò ni pé pupa gbọ́dọ̀ ga jù, kí àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, kí búlúù wà nísàlẹ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń sọ fọ́tò di sẹ́píà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an: eérú tó jẹ́ 128 lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di 173, 154, 120. End stone kò yege ìdánwò yìí. Ó jọ pé ó máa dára fún ibi tó mọ́lẹ̀, àmọ́ àwọ̀ ewé inú rẹ̀ ga ju pupa lọ díẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ara rẹ̀ kò yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.

Ohun kejì ni pé kò gbọ́dọ̀ pọ́n jù. Ẹ yọ àwọ̀ ewé kúrò nínú pupa, kí ẹ yọ búlúù kúrò nínú àwọ̀ ewé, kí ẹ wá fi èsì méjèèjì wéra. Pákó oak jẹ́ nǹkan bí 162, 130, 78, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 32 àti 52. Ìyẹn dára. Mud bricks jẹ́ 137, 103, 79, èsì 34 àti 24. Ó pọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹbí ni. Acacia wá ńkọ́? 168, 90, 50. Èsì rẹ̀ jẹ́ 78 àti 40, ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìkejì, òun ló fi jọ ọsàn. Ní ti mangrove, 63 àti 6 ni, pupa pọ́ńbélé. Bí èsì àkọ́kọ́ bá ti sún mọ́ ìlọ́po méjì ìkejì, mo máa ń gbé e padà síbi tí mo ti mú un. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni light gray terracotta. Wọ́n á ní búráùn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ 29 àti 9 ni èsì rẹ̀, àyà á sì já yín bí ẹ bá kà á tán tí ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Píńkì ni.

Bí búlọ́ọ̀kù bá ti ṣú gan-an, ẹ má wulẹ̀ ṣírò. Nínú òkùnkùn, ojú kì í mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ to àkàbà

Ipele méje ti tó. Mo ti gbìyànjú mọ́kànlá rí, kò sí ẹni tó lè mọ ipele kẹrin yàtọ̀ sí ìkarùn-ún nínú rẹ̀, èmi tí mo tò ó gan-an ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Smooth sandstone ni mo fi ń ṣe funfun, nítorí nínú sẹ́píà kò sí funfun tòótọ́. Bí ẹ bá lo quartz tàbí calcite, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ẹnì kan gé ihò sára fọ́tò. Bone block náà dára níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni pákó birch, tó ní ìyeyè díẹ̀ nínú tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀kẹta ni pákó oak. Ẹ̀kẹrin ni mud bricks, tó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 1.19 ní ọdún 2022. Kí ó tó dé, àárín àkàbà yìí ló máa ń nira jù, àfi kéèyàn máa fi pákó jungle tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni ìyá àwọ̀ wa, pákó spruce. Ẹ̀kẹfà ni dark oak. Ẹ̀keje, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni black terracotta. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Kò dúdú bí èédú, búráùn tó ti ṣú kanlẹ̀ ni, nǹkan bí 37, 22, 16. Black concrete ni kí ẹ sá fún, nítorí búlúù pọ̀ nínú tirẹ̀, á sì tutù lójú.

Ipele kọ̀ọ̀kan lè ní ju búlọ́ọ̀kù kan lọ. Ní ìkẹrin, packed mud àti dripstone block fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ kan náà pẹ̀lú mud bricks. Ní ìkẹfà, brown terracotta àti gray terracotta ń bá dark oak rìn. Ibí yìí ni adùn wà. Ẹ lè pa àwọn tó wà ní ipele kan náà pọ̀ lára ògiri kan, ojú á rí i pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìmọ ohun tó jẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá da búlọ́ọ̀kù ipele kejì àti ìkẹfà sára ògiri kan náà gátagàta, ara ẹtù ló máa dà bí, ìyẹn ẹyẹ tí àmì tó-tò-tó kún ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pa àwọ̀, kí ẹ wò ó

Kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun, ẹ to méjèèje sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀, mẹ́ta ní gíga mẹ́ta ní ìbú, ní ọ̀sán gangan. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú ẹ̀dà Java, ẹ tẹ F1 kí gbogbo nǹkan ojú ìran lọ, kí ẹ tẹ F2 láti ya àwòrán. Ẹ gbé àwòrán náà sínú ètò àwòrán, kódà ti orí fóònù, kí ẹ pa gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ títí yóò fi di dúdú àti eérú nìkan.

Ẹ wá sún sẹ́yìn díẹ̀. Ṣé ẹ ṣì lè ka méje? Bí méjì bá ti wọnú ara wọn, ọ̀kan nínú wọn kò wúlò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù láàárín méjì kan, ẹ wá ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ká ní mo ṣe é fún ilé mi àkọ́kọ́ ni, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ì bá má ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ ògiri kan kí ẹ tó mọ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri iwájú ilé kékeré kan: búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án ní ìbú, márùn-ún ní gíga. Ilẹ̀kùn spruce wà láàárín gan-an. Stripped spruce log dúró ṣánṣán ní igun méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ mud bricks, ẹ sì fi packed mud rọ́pò méjì nínú wọn níbi tó bá wù yín. Fèrèsé méjì, gíga búlọ́ọ̀kù méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní apá òsì, pẹ̀lú brown stained glass pane.

Ara ògiri tó kù ló gba làákàyè. Ẹ wo fọ́tò àtijọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀ láàárín, etí wọn sì ṣú. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ògiri. Smooth sandstone ni mo ń tò yí ilẹ̀kùn ká, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré. Bí mo bá ti ń kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ti bọ́ sí birch. Ibi tó bá sún mọ́ òpó igun àti ìlà tó kẹ́yìn lókè, lábẹ́ òrùlé, mo ti fi oak sí i. Mo máa ń fọ́n ibi tí méjèèjì ti pàdé, kí birch kan yọ sínú oak, kí oak kan yọ sínú birch, kí ó má baà dà bí ìlà tí a fi rúlà fà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe èyí, tí mo sún sẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé fìtílà kan wà lẹ́nu ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì gbé iná kankan síbẹ̀. Mo dúró wò ó pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi trapdoor dark oak sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún lósì. Òrùlé jẹ́ dark oak stairs, àmọ́ kí etí rẹ̀ jẹ́ spruce stairs, nítorí ìlà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn ló máa ya òrùlé kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Black terracotta kò gbọ́dọ̀ fara hàn lójú ògiri rárá. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò yẹ kó dé ni kí ẹ fi í sí: inú ihò ibi tí èéfín ń gbà jáde, abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ọgbà. Terracotta kò ní stairs tàbí slab, nítorí náà ẹ má ṣe ya iṣẹ́ kankan tó nílò àbọ̀ búlọ́ọ̀kù fún un.

Bí mo bá ka búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lójú ilé, láìka òrùlé, márùn-ún máa ń wá láti ipele mẹ́ta òkè, mẹ́rin láti àárín, ọ̀kan péré láti ìsàlẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn kó ṣú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò rí èyí tó ṣú tó sì ṣì jọ fọ́tò nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe lè rí wọn bí ẹ kò bá sí ní creative, níbi tí gbogbo búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ ọ̀fẹ́

Ẹ bu omi sínú ìgò, kí ẹ dà á sórí dirt, á di mud. Mud kan àti wheat kan ló ń di packed mud kan, packed mud mẹ́rin á sì di mud bricks mẹ́rin. Sand mẹ́rin ló ń di sandstone kan, ẹ wá jó sandstone náà nínú furnace kó tó di smooth. Ní ti terracotta, ẹ jó búlọ́ọ̀kù clay, kí ẹ to mẹ́jọ yí dye (aró) kan ká. Brown dye ń wá láti ara cocoa beans tó ń so lára igi jungle. Bí ẹ bá wà nítòsí badlands, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó kún fún àpáta amọ̀, ẹ gbé pickaxe yín dání, irin tí ẹ fi ń wa àpáta, nítorí brown terracotta wà nínú àpáta ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Black dye ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Inú ink sac (àpò tàdáwà) tí squid, ẹran omi kan, ń já sílẹ̀ lẹ ti lè rí i. Ẹ rí i pé àwọ̀ tó ṣú jù nínú àkàbà wa ṣì ń ti inú tàdáwà ẹran omi wá, gẹ́gẹ́ bí orúkọ sẹ́píà fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: koríko, omi àti ojú ọ̀run

Ilé tó dára lè bàjẹ́ nítorí koríko. Lórí plains (pápá tẹ́ẹ́rẹ́), koríko jẹ́ nǹkan bí 145, 189, 89, àwọ̀ ewé tó ń kígbe. Àmọ́ inú Minecraft, ibi tí ilẹ̀ wà ló ń pinnu àwọ̀ koríko, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Ní savanna, ó ti gbẹ díẹ̀. Ní badlands, ó jẹ́ 144, 129, 77, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ilé wa. Ewé igi oak náà á gbẹ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbìn ín síbẹ̀. Ewé spruce àti ti birch kì í yí padà níbikíbi, nítorí náà ẹ má gbìn wọ́n sítòsí. Ẹ fi dirt path àti coarse dirt la ọ̀nà, ẹ fọ́n dead bush síbẹ̀, àti leaf litter bí ẹ̀dà yín bá ti tó 1.21.5.

Omi kò ní ojútùú tó dára, mo máa ń yẹra fún un. Lantern tàbí candle ni kí ẹ fi tan iná. Soul lantern ń tan búlúù, kò sí àyè fún un. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán ilé náà, ẹ kọ /time set 12000, oòrùn á máa lọ wọ̀, ojú ọ̀run apá ibẹ̀ á sì pọ́n.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi gbogbo wàhálà yìí ṣe, ṣebí fílítà sẹ́píà wà. Ẹ dán an wò lára ilé tí wọn kò fi àkàbà kọ́. Fílítà ń yí àwọ̀ padà gẹ́gẹ́ bí imí ọjọ́ ti ń ṣe, kò lè dá ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀. Lára ilé mi àkọ́kọ́, fílítà kò yí nǹkan kan padà.

Àlejò kan ṣoṣo ni mo gbà láàyè. Láyé fọ́tò àtijọ́, wọ́n máa ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ díẹ̀ sára àwòrán nígbà mìíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, òdòdó kan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi cyan terracotta ṣe ojú kan, bí àpẹẹrẹ búlọ́ọ̀kù tó wà lókè ilẹ̀kùn. Orúkọ rẹ̀ ń pariwo ju ara rẹ̀ lọ, búlúù eérú tó ti rẹ̀ ni. Ojú kan nìkan. Bí ó bá di méjì, àwọ̀ tuntun ti wọlé nìyẹn.

Nígbà tí àkàbà yín bá ti dúró, ẹ to méjèèje sí ìlà ìsàlẹ̀ ojú ìran yín ní creative, láti èyí tó mọ́lẹ̀ dé èyí tó ṣú, kí ẹ fi lantern àti brown stained glass pane sí àyè méjì tó kù. Nínú ẹ̀dà Java, ẹ di C mú, kí ẹ tẹ 1, ó ti pamọ́. Nínú ayé tuntun èyíkéyìí tí ẹ bá ṣí ní creative, ẹ di X mú, kí ẹ tẹ 1, gbogbo wọn á jáde síwájú yín bí ẹ ṣe tò wọ́n.